Ìtọ̀ Ọ̀sán Gangan

Hájíyà Fìtsárì ni wọ́n ń pè mí ní Ràfin Gòrá,
ìyá onítọ̀.
Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé
tí mo ti ń na ike kékeré sí ọmọ ọlọ́mọ:
ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ̀ sí i, àmọ́ ẹ jẹ́ kí oòrùn kan àtàrí ná,
nítorí ọ̀sán gangan ni ẹyin aràn náà ń jáde,
bí òṣìṣẹ́ ìjọba
tí kì í dé ọ́fíìsì kí agogo mẹ́wàá tó lù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo bi Lawali, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
kí ló fà á tí ìtọ̀ rẹ̀ fi pupa bí sóbò inú ike.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń dọkùnrin ni.
Bàbá òun tọ ẹ̀jẹ̀, bàbá bàbá òun tọ ẹ̀jẹ̀,
ẹni tí kò bá tọ ẹ̀jẹ̀ níbí, obìnrin ni.
Nílé, àtọ̀sí ajá là ń pè é;
ajá kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.
Ìṣáwùrú ló wà níbẹ̀.

Mo wọ odò Galma pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ń jò,
mo fi asẹ́ ṣa ìṣáwùrú lára koríko,
mo gbé wọn sójú fèrèsé nínú ìgò,
mo jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà,
títí ohun tíntìntín fi jáde lára wọn, onírù tó là sí méjì,
tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, tó ń wá awọ ẹsẹ̀ tí yóò wọ̀.
Iná lọ. Iná a máa lọ.
Awò mi àtijọ́ ní dígí nísàlẹ̀; mo yí i sí oòrùn Sàríà,
oòrùn tó gbẹ gbogbo nǹkan yẹn ló bá mi ka ẹyin Lawali:
igba ó lé mẹ́fà,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀gún ṣóńṣó nídìí rẹ̀.

Kí n sọ òótọ́: aràn yẹn dùn ún wò.
Abo tẹ́ẹ́rẹ́ wọ àyà akọ, akọ ká mọ́ ọn,
wọn kì í tú ara wọn sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá.
Ọkọ tèmi di ẹrù rẹ̀ lọ́dún kẹfà, ó padà sí Ọ̀fà.
Ó ní òun ò lè máa bá ìṣáwùrú jowú.
N kò bá a jà.

Oògùn dé. A gbẹ́ ọ̀pá, a fi àmì sí i,
ọmọ á dúró tì í: orí rẹ dé ibí, hóró méjì;
orí rẹ dé ọ̀hún, mẹ́ta ààbọ̀.
Ó korò; kùnú la fi ń tì í lọ́nà ọ̀fun.
Lóṣù kẹta, ìtọ̀ wọn mọ́ bí omi òjò,
mo jó nínú ọkọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí.
Àmọ́ odò ò kúrò níbẹ̀.
Ta ló fẹ́ sọ fún ọmọdé nínú ooru oṣù kẹrin
pé kó má wẹ̀?
Nígbà tó fi di ọdún kejì, ó tún pupa.
Owó ìwádìí tán. Wọ́n ní kí a kọ èsì. Mo kọ èsì.
Kànga tí mo tọrọ nínú rẹ̀,
ojú ìwé kẹtàdínlógójì ló ṣì wà títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Lawali wá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun,
ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó mú ike dání, ike tó ti kún.
Kò jẹ́ kí n tọrọ.
Ó ní, "Hájíyà, ọ̀sán gangan ló tọ̀ ọ́."
Mo kà á. Mọ́kànlá.

N kò sọ fún un pé lọ́jọ́ Ajé,
kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí lé wọn lọ́wọ́,
mo rántí bàtà tó ń jò, mo tọ̀ sínú ike tèmi,
mo yí dígí sí oòrùn, mo bojú wò ó.
Ẹyọ kan péré, pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀.
Mo kí i.
Mo lọ síbi tí ọ̀pá àwọn ọmọdé fara ti ògiri,
mo bọ́ bàtà,
mo nà ró.